Ojú Tó Wà Nínú Ìwé Tí A Kì Í Ṣí

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Ìyá Ẹnitàn já òǹtẹ̀ ara ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí, ó rí ojú ọmọ rẹ̀ tó ti kú, ó sì kí i.

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ńlá ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Wọ́n ní obìnrin náà gbéjà ko òfin, wọ́n ní ó fẹ́ dá ìlú rú. Irọ́ ni. Obìnrin kan ló jókòó sórí àpótí ìdáná, tó ṣí ìwé, tí ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, ìpàdé Ẹgbẹ́ Aláìṣí ló lọ. Òkè ilé Olóyè Adúlójú ni wọ́n ti máa ń pàdé, níbi tí ènìyàn ti lè rí gbogbo ìlú Òkè-Ọ̀sà: àwọn ilé gíga tó dúró sínú omi bí obìnrin tó ká ìró sókè tó fẹ́ sọdá odò, àti àwọn àgò irin tí ń gbé ènìyàn lórí okùn láti ilé kan sí òmíràn. Ilẹ̀ ti tán ní ìlú náà láti ayé àwọn ìyá wọn. Ẹni tó bá fẹ́ jáde, inú àgò ni yóò kó sí bí adìẹ ọdún.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jókòó yí ká, olúkúlùkù gbé àpótí rẹ̀ lé itan. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ìwé kan náà ni: Kànga Inú Òṣùpá, ìtàn ọmọbìnrin kan tó lọ wá omi mímu nínú òṣùpá nígbà tí iyọ̀ ti ba gbogbo omi ayé jẹ́. Ẹnikẹ́ni lè gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ti inú àpótí ló yàtọ̀. Igba ẹ̀dà péré ni wọ́n tẹ̀, lórí bébà gidi. Wọ́n fi awọ ewúrẹ́ pupa bò ó, wọ́n fi wúrà pa etí rẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ló sì ya àwọn àwòrán inú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ. Okùn dígí tín-ínrín kan ni wọ́n fi dì í, tó ń tàn bí ojú ológbò. Ẹni bá já okùn náà, iná rẹ̀ á kú, kò sì ní tàn mọ́ láé. Iná yẹn ni gbogbo wọn ń wò. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó mọ bí àwòrán kan ṣoṣo ṣe rí.

"Tèmi ṣì ń tàn," ni Olóyè Adúlójú wí, ó gbé àpótí rẹ̀ sókè. "Ẹ wò ó. Ó tilẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti ìpàdé tó kọjá lọ."

"Olóyè, iná yẹn kì í mọ́lẹ̀ sí i," ni Àlàájì Dáwódù dá a lóhùn. "Ojú yín ló ń ṣókùnkùn. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, fìtílà á máa dà bí oòrùn."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ẹnitàn náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó wà láàrin ènìyàn. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ohun tí kò sẹ́ni tí í bèèrè níbẹ̀.

"Ṣé kò wá sí ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni?"

Obìnrin kan tó ń bu ẹ̀pà sẹ́nu dá ọwọ́ dúró lójú ọ̀nà.

"Ìyá Ẹnitàn," ni Olóyè wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ẹni tó fẹ́ gbàdúrà, "ẹwà ohun tí a kò rí, kò lópin. Bí a bá rí i, ó ti ní òpin nìyẹn."

"Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀!" ni Àlàájì wí. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìyá Ẹnitàn kò pàtẹ́wọ́. Ó rò ó pé bí Olóyè bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ebi ń pa, pé ẹwà ọbẹ̀ tí a kò ṣí ìdérí rẹ̀ kò lópin, ìdérí náà gan-an ni ẹni náà yóò fi gbá a lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ síta.

"Mo kàn bèèrè ni, Olóyè."

"Ẹ má bèèrè mọ́ o, ẹ má kó ìbẹ̀rù bá wa. Ẹni tó bá já òǹtẹ̀ tirẹ̀, kì í ṣe ara wa mọ́. Ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀."

Ó mọ̀ lóòótọ́. Kò fẹ́ràn ìpàdé náà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti máa ń fa àga fún un, tí wọ́n ń bi í léèrè bó ṣe sùn. Ní ilé tirẹ̀, tó wà ní àjà kejìlá ilé kan tó ti ń gbẹ lára bí ẹja, ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìgbọ́ ohùn mìíràn ju ti etí ilé lọ, ẹ̀rọ ìjọba tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ilé gbogbo.

Inú àgò ló wà, tó ń padà lọ sílé, nígbà tó tún gbìyànjú ohun tó ti ń gbìyànjú láti ìdájí. Ó pa ojú dé. Ó wá ojú ọmọ rẹ̀. Ó rí iwájú orí, ó rí imú, ó rí ẹnu tó máa ń ṣí díẹ̀ bí ọmọ náà bá ń ronú. Ṣùgbọ́n àpá kan wà lókè ojú ọmọ náà, èyí tó gbà nígbà tó ṣubú lu etí ọkọ̀ ojú omi ní kékeré. Ṣé ti ọ̀tún ni, àbí ti òsì? Láàárọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ jí tí kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó gbé àpá náà sí ọ̀tún, ojú náà bá a mu. Ó gbé e sí òsì, ó tún bá a mu. Ìyẹn ló já a láyà. Ojú ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohunkóhun tó bá fi sí i.

Kò sí ibi tó lè wò. Nígbà tí Ẹnitàn kú, ibà omi ló pa á, kò tíì tó ọmọ ogún ọdún. Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, àwọn agbojú wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọn kò pariwo, wọn kò sì lu ẹnikẹ́ni. Wọ́n kí i kú ọ̀fọ̀, wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì kó gbogbo ojú ọmọ náà lọ: ti ara ògiri, ti inú fóònù rẹ̀, ti inú fóònù àwọn aládùúgbò. Ife tí wọ́n tẹ ojú rẹ̀ sí fún ìnáwó òkú, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pátá, títí kan èyí tí etí rẹ̀ ti fọ́ tó fi ń bu gàrí. Òfin ni. Ojú òkú kò gbọdọ̀ sùn nílé alààyè lẹ́yìn ogójì ọjọ́.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ojú náà kù síbì kan. Nígbà tí Ẹnitàn wà láàyè, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Akinlàjà ti rí i nínú àgò, ó sì tẹ̀ lé e dé ilé, ó wá kúnlẹ̀ bẹ ìyá rẹ̀ pé ojú yìí ni òun ti ń wá fún ọmọbìnrin inú ìtàn kan. Ó yà á fún oṣù bíi mélòó kan. Ẹnitàn máa ń padà dé pẹ̀lú ọrùn dídùn, á ní, "Mọ́mì, ó tún ní kí n wo òkè lónìí." Ìwé náà kò tíì jáde tí ọmọ náà fi kú. Nígbà tó jáde, Akinlàjà fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ̀dà kan wá fún ìyá rẹ̀. Ó fà á lọ sórí òrùlé níbi tí etí kò sí, ó sì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ìparí apá kẹrin ló wà. Ẹ má ṣí i, ìyá. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá ṣí i, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ojú rẹ̀ wà níbi igba nínú ayé, gbogbo rẹ̀ wà nínú òkùnkùn, kò sì séwu."

Láti ìgbà náà ló ti ń gbé àpótí náà lé itan ní ìpàdé pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́nu dídùn. Òun nìkan ló mọ ohun tó gbé dání.

Nígbà tó dé ilé, kò bọ́ aṣọ òde. Ó wọ ilé ìdáná, ó jókòó sórí àpótí, ó sì mú ọ̀bẹ tó fi ń ha ìpẹ́ ẹja. Ó wo òkè. Etí ilé wà níbẹ̀ bó ti wà nínú ilé gbogbo, ó funfun, ó sì dà bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ojú ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ wọ ilé ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ìlú ti jà fún ìyẹn, wọ́n sì borí. Etí nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Etí kò lè rí ìwé. Jíjá òǹtẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lójú òfin, lójú Olóyè Adúlójú nìkan ni. Bó ti rò ó nìyẹn, kò sì rò ó kù síbì kan àfi ibì kan.

Ó fi ọ̀bẹ já okùn náà. Iná rẹ̀ ṣẹ́jú, ó kú.

Ó gbọ́ òórùn bébà, tó fara jọ ti ẹ̀ka tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kán. Kò ka ọ̀rọ̀ kankan. Ó ń ṣí i lọ, ó kọjá òkun iyọ̀, ó kọjá ọkọ̀ tó ní ìyẹ́, ó kọjá àwọn arúgbó tó ń lá ìrì lára irin, títí ó fi dé ìparí apá kẹrin.

Ó wà níbẹ̀. Ó dúró létí kànga kan tí a gbẹ́ sínú òkúta eérú, ó so okùn mọ́ ìdí, ó gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè. Ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Àpá náà wà lókè ojú.

Ti òsì ni.

Kò sí abiyamọ kan tí ọmọ rẹ̀ yóò ti ọ̀nà jíjìn dé, tí yóò kàn máa wò ó. A kì í ronú sí i. Ẹnu ló máa ń ṣáájú.

"Àwẹ̀ró!" ni Ìyá Ẹnitàn ké. "Àwẹ̀ró mi! Ọmọ tí ń sùn bí ẹni ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ a-rìn-má-fẹsẹ̀-kọ. Kú ìrìn o, ìyá mi. Kú àtijọ́. Ṣé òtútù ò mú ọ níbẹ̀?"

Ohùn kan dún láti òkè, ohùn pẹ̀lẹ́, tí kò dàgbà tí kò sì kéré.

"Ìyá Ẹnitàn, ta ni ẹ ń kí?"

Ó pa ìwé náà dé.

"Kò sẹ́nìkan."

"Ẹ bi í bóyá òtútù ń mú un."

"Ara mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Ẹ kì í pe ara yín ní Àwẹ̀ró. Láti ìgbà tí mo ti wà nínú ilé yìí, ẹnìkan ṣoṣo ni ẹ pè bẹ́ẹ̀ rí."

"Mo ní kí o dákẹ́!"

"Ẹ má bínú. Agbojú ti wà lójú ọ̀nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi nǹkan kan síná, ẹ má sì ju nǹkan kan sómi."

Ìyá Ẹnitàn jókòó, ó gbé ìwé náà mọ́ àyà. Ó ti bo ojú, ó gbàgbé ẹnu. Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn sunkún ni, etí náà ì bá máa gbọ́ ọ bó ti ń gbọ́ ti gbogbo ilé. Òfin kò ka ẹkún léèwọ̀. Sísọ̀rọ̀ nípa òkú kò burú. Kíkí i bí alààyè ni wọ́n ń ṣọ́.

Kò pẹ́ tí àgò kan fi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin tó wọlé kò lè ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó gbé àpò dúdú kọ́rùn, ó bọ́ bàtà, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Fadérera lorúkọ mi. Ilé-iṣẹ́ agbojú ló rán mi."

"Dìde. Káàbọ̀." Ìyá Ẹnitàn bu omi fún un, nítorí pé àlejò ni àlejò ń jẹ́. Ọmọ náà mu ún tán, ó dúpẹ́, ó gbé ife náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìgbà yẹn ló rí ìwé náà.

"Hàà! Kànga Inú Òṣùpá nìyí? Ẹ já a?"

"Mo já a."

"Yéè! Ọ̀gá mi ní ọ̀kan. Ó máa ń bá àpótí náà sọ̀rọ̀ ju bó ti ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ lọ."

"Wọn ò sì rán agbojú sí i?"

Fadérera fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Mà, ẹ jẹ́ kí n wo ibi tí ẹ ṣí."

Kò sí àǹfààní nínú kíkọ̀. Ó ṣí i fún un. Ọmọbìnrin náà yọ awò kékeré kan láti inú àpò, ó gbé e sókè ojú àwòrán náà, ó dúró. Ojú àwọn òkú gbogbo ìlú wà nínú awò náà, níbi tí ẹbí wọn kò lè dé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó gbé e kúrò, ó sì wo Ìyá Ẹnitàn, kò wo ìwé mọ́.

"Awò ní ó jọ ọ́. Ó jọ ọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ̀rọ kọ́ ló yà á, ọwọ́ ènìyàn sì máa ń fi kún un, ó máa ń yọ kúrò. Ojú tí a bá fọwọ́ yà, mà, ẹnu ẹbí ló ń jẹ́rìí sí i. Ẹnu yín ni mo wá gbọ́."

"Bí mo bá ní òun ni ńkọ́?"

"A ó gé ojú ìwé náà."

"Tèmi yìí?"

"Gbogbo rẹ̀. Gbogbo igba. A ó máa lọ láti ilé dé ilé."

"Ẹ ó já òǹtẹ̀ Olóyè Adúlójú?"

"A ó já a."

Bí kì í bá ṣe ohun tó wà nílẹ̀, Ìyá Ẹnitàn ì bá fẹ́ rí ojú Olóyè lọ́jọ́ náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí tábìlì tí kò dọ̀tí.

"Ta ló ṣe irú òfin yìí ná, ọmọ yìí? Àwọn tí ìyá wọn ṣì ń bẹ láàyè ni?"

"Èmi ò ní ìyá, mà," ni Fadérera wí. "Ó kú nígbà tí òfin kò tíì dé. Bàbá mi ra ojú rẹ̀ sínú dígí, èyí tó ń sọ̀rọ̀, tó ń dáhùn. Ó jókòó síwájú rẹ̀. Kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Á ní kó kí mi, ojú náà á kí mi. Yóò bi bàbá mi pé ṣé ó ti jẹun, bàbá mi á ní òun ti jẹun. Ó gbà á gbọ́. Ẹni tó wà láàyè ni kì bá tí gbà á gbọ́, nítorí ojú rẹ̀ á rí i pé egungun ló kù. Bí ebi ṣe pa á nìyẹn, ìkòkò oúnjẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà èmi ò lè bá yín bú òfin."

"Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere," ni Ìyá Ẹnitàn wí. "Ṣùgbọ́n tèmi yìí kì í sọ̀rọ̀. Bébà ni."

"Ẹ bá a sọ̀rọ̀, mà."

Òótọ́ ni. Àgò kan kọjá lójú fèrèsé, ọmọ kékeré kan inú rẹ̀ ń juwọ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá rí.

"Bí mo bá ní òun kọ́?"

Fadérera gbé ojú sókè kíákíá. "Mà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìbéèrè ni mo bi ọ́."

"Òfin ní ìyá kì í ṣi ojú ọmọ rẹ̀ mọ̀. Bí awò bá ní ó jọra tó báyìí, tí ẹni tó ń jẹ́ ìyá sì ní òun kò mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé ẹni náà kọ́ ló bí i. Àwòrán náà á di ojú ẹni tí kò sí, wọn ò ní fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n wọn á yọ orúkọ yín kúrò lára tirẹ̀. Ẹnitàn á di ọmọ tí a kò mọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin náà á sì di ẹni tí kò bímọ rí. Kò sí ìpadàsẹ́yìn. Ẹni bá tún pè yín ní ìyá, etí á bá a wí." Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Ẹ jẹ́ ká gé e, mà. Bébà ni, ẹ̀yin náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ipò abiyamọ ṣe pàṣípààrọ̀ bébà."

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Ìyá Ẹnitàn yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kò sì rí àbùkù lára rẹ̀. Kí ni ojú igba nínú òkùnkùn lè ṣe fún ẹnikẹ́ni? Àwọn tó ni àpótí wọ̀nyẹn kò ní ṣí i láé. Wọn á kú, àpótí á ṣì máa tàn.

Ṣùgbọ́n wọn á kú. Ibẹ̀ ni èrò rẹ̀ dúró sí. Olóyè Adúlójú á kú, ọmọ ọmọ rẹ̀ kan tó ya aláìgbọràn á sì fi ọ̀bẹ já okùn náà nítorí pé ó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Yóò dé ìparí apá kẹrin. Yóò rí ọmọbìnrin kan tó gbójú sókè, tó ní àpá ní òsì. Kò ní mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n yóò rí i. Bí wọ́n bá gé e lónìí, inú orí arúgbó kan nìkan ni ojú náà kù sí, orí tó ti ń ṣi ọ̀tún mú fún òsì. Bí orí yẹn bá lọ, Ẹnitàn ti lọ pátápátá.

Àti láti sọ pé òun kò bí i! Ní ìlú tí wọ́n ti bí òun fúnra rẹ̀, obìnrin tó yàgàn máa ń sunkún lójú gbogbo ènìyàn, kò sẹ́ni tó ń fi í ṣẹ̀sín. Ẹni tó bí, tó wá ní òun kò bí, òun ni wọn kò ní orúkọ fún.

"Ibo ni kí n dojú kọ kí n tó sọ ọ́?" ló bèèrè.

Fadérera gbọ́ ọ yé. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ẹ wo àwòrán náà. Ẹ sọ ọ́ sókè, kí etí gbọ́."

Ìyá Ẹnitàn wò ó. Ọmọ náà ń wo òkè, kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló ń wò. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Akinlàjà nínú ara rẹ̀ fún ìyẹn.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ló wí. "Mi ò bí i. Ọmọ inú ìwé ni."

"Ta ni ẹ wá ń kí?" ni etí ilé bèèrè.

"Arúgbó ni mí. Mo rí ọmọ tó rẹwà, mo kí i."

"Orúkọ tí ẹ pè é ńkọ́?"

"Àwẹ̀ró pọ̀ nílùú."

Etí náà kọ́kọ́ bèèrè níbòmíràn. "Ó ti wọ inú àkọsílẹ̀," ló wí.

Fadérera dìde. Ó da awò padà sínú àpò, ó rọra pa ìwé náà dé, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì tì í síwájú rẹ̀. "Tiyín ni, mà. Ẹ lè máa wò ó ìgbàkígbà. Ojú ẹni tí kò sí ni, kò sí òfin lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún kí i lẹ́ẹ̀kan péré, ìjẹ́wọ́ nìyẹn. Mo ní láti padà wá gé gbogbo rẹ̀."

"Mo gbọ́."

Ọmọ náà kúnlẹ̀ láti dágbére. "Ó dàbọ̀ o, Ì..." Ó dúró. Ó tún ẹnu ṣe. "Kí ni kí n máa pè yín?"

"Mosúnmọ́lá ni bàbá mi sọ mí."

Fadérera ṣí ẹnu, kò lè sọ ọ́. Irú ọmọ wo ni yóò máa pe obìnrin tó tó ìyá rẹ̀ lórúkọ bẹ́ẹ̀? Ó tẹ orí ba, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì wọ inú àgò láìpe ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun.

Bí gbogbo ìlú ṣe ṣe é nìyẹn. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n fi ṣe é. Olóyè Adúlójú ránṣẹ́ pé kó má wá mọ́, ìyẹn ò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn aládùúgbò ló yàtọ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bí wọ́n ti fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Obìnrin ìsàlẹ̀ kan ké sí i láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé, "Ìyá Ẹnitàn, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta!" Etí ilé tirẹ̀ sì fèsì lójú ẹsẹ̀, ní ohùn pẹ̀lẹ́, níṣojú àlejò, pé, "Ẹni yẹn kò bímọ." Ojú ti obìnrin náà, ó wọlé. Ẹlòmíràn gbìyànjú "Màmá", etí ní kò bímọ. Àwọn ọmọdé kò lè pe Mosúnmọ́lá, wọn ì bá gba ìgbájú. Àwọn àgbà tó lè pè é bẹ́ẹ̀ ti kú tán. Fún ìgbà díẹ̀ wọ́n ń pè é ní "ẹ̀yin tó wà lókè." Ó máa ń dáhùn kíákíá nígbà náà, kí ó má bàa dà bí ẹni pé òun ń yan èyí tí òun fẹ́.

Lálaalẹ́ ó máa ń ṣí ìwé náà dé ìparí apá kẹrin, á fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, á sì wo ọmọ náà títí ojú rẹ̀ á fi rẹ̀ ẹ́.

Nítorí pé kò sí ohun tí ènìyàn lè pè é, tí kò ní jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lójú òfin tàbí àrífín lójú ọmọlúàbí, nígbà tó yá, wọn kò pè é mọ́ rárá.